Bí Ike Ti Í Fà àti Bí Ó Ti Í Ṣẹ́

Àwọn Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ìbàjẹ́ gbogbo nǹkan. Igi a máa ṣẹ́, ìkòkò a máa fọ́, aṣọ a máa ya, okùn a máa já, gìgísẹ̀ a sì máa sán nígbà ọyẹ́. Ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà bàjẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó sì bá ọ̀nà náà mu ni àwọn àgbà fi ń pè é. Ṣùgbọ́n ohun kan wà láyé òde òní tí gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá mu. Ohun náà ni ike. Rúlà ike a máa ṣẹ́, abọ́ ike a máa fọ́, ọ̀rá tí a fi ń di ẹrù a máa ya, okùn láílọ́ọ̀nù a máa já, àga ike tí ó ti pẹ́ nínú oòrùn a sì máa sán bí gìgísẹ̀ arúgbó.

Èyí tí ó tún yani lẹ́nu ni pé ike kan kì í hùwà bí èkejì. Bí ènìyàn bá mú rúlà ike tí ó mọ́ gaara bíi dígí, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, yóò ṣẹ́ kàù láìṣe àmì kankan tí ojú lásán tètè ń rí. Bí ó bá mú òmíràn tí kò mọ́ gaara, yóò kọ́kọ́ rí i pé ojú ibi tí ó tẹ̀ ń funfun, yóò sì tẹ̀ ẹ́ títí kí ó tó ṣẹ́. Bí ó bá sì fa ọ̀rá, ọ̀rá náà yóò máa gùn sí i, yóò sì máa fẹ́lẹ́ sí i, kí ó tó já. Ike ni a ń pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ni ó wá fà á tí ọ̀kan fi ń kú ikú òjijì, tí èkejì ń ṣe àmì kí ó tó lọ, tí ẹ̀kẹta sì ń fà bí ẹni pé kò ní í já láéláé?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Páìpù tí omi ẹ̀rọ ń gbà wọ inú ilé, akoto tí ẹni tí ó ń gun alùpùpù dé sórí, sìrínjì tí nọ́ọ̀sì fi ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́, ike ni a fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà mìíràn, ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ ike tí kò gbọdọ̀ ṣẹ́. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi tí ojú lásán kò lè dé.

Kí a tó lè mọ bí ike ti í ṣẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ike jẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ó yí ènìyàn ká ni ó jẹ́ àkójọ àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ tí a ń pè ní mólékù. Mólékù omi kéré jọjọ, átọ̀mù mẹ́ta péré ni ó wà nínú rẹ̀. Mólékù ike kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gùn bí fọ́nrán òwú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún átọ̀mù ni ó sì so kọ́ra wọn nínú rẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n. Hermann Staudinger, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ọdún 1920. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ni kò gbà á gbọ́, wọ́n ní kò sí bí mólékù kan ṣe lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, àwọn ẹ̀rí tí ó ń jáde lọ́dọọdún sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1953, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹni tí ó bá ti rí òwú tí ọmọdé fi ṣeré yóò mọ bí fọ́nrán wọ̀nyí ti wà nínú ike. Wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n gba abẹ́ ara wọn kọjá, wọ́n sì kọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a bá fa ike, ohun mẹ́ta ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí wọn. Wọ́n lè nà tàn-án-ràn, wọ́n lè yọ̀ kúrò lára ara wọn, wọ́n sì lè já. Èyí tí ó bá ṣáájú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ni ó ń pinnu bóyá ike náà yóò ṣẹ́ ní òjijì tàbí yóò fà kí ó tó já.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe lè rí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀? Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní máíkírómítà. Bí a bá tún pín máíkírómítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Irun orí ènìyàn a máa tó bí 50 sí 100 máíkírómítà ní ìbú. Ìbú fọ́nrán mólékù ike kan ṣoṣo kò ju nǹkan bí ìdajì tàbí odindi nánómítà kan lọ. Máíkírósíkóòpù tí ó wà ní yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, tí ó ń lo ìmọ́lẹ̀ lásán, kò lè dé ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi, ìgbì rẹ̀ kan sì gùn tó 400 sí 700 nánómítà. Ní ọdún 1873, Ernst Abbe, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ kò lè fi ohun tí ó kéré púpọ̀ ju ìdajì ìgbì rẹ̀ lọ hàn ketekete. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni tí ó fẹ́ fi àtàǹpàkò mọ bí ihò abẹ́rẹ́ ti rí. Bí ó ti wù kí ó fara balẹ̀ tó, ìka rẹ̀ tóbi ju iṣẹ́ náà lọ.

Ní ọdún 1924, Louis de Broglie, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn nínú ìṣirò rẹ̀ pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àní àwọn ẹyọ tíntìntín tí iná mànàmáná fi ń ṣàn nínú wáyà, a máa rìn bí ìgbì pẹ̀lú. Ìgbì tiwọn kúrú ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní ọdún 1931, ní ìlú Berlin, Ernst Ruska àti Max Knoll ṣe máíkírósíkóòpù àkọ́kọ́ tí ó ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún 1933, Ruska ṣe òmíràn tí ó ríran ju èyíkéyìí tí ń lo ìmọ́lẹ̀ lọ. Ó dàgbà kí èrè iṣẹ́ rẹ̀ tó dé, nítorí pé ọdún 1986 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Oríṣi méjì pàtàkì ni máíkírósíkóòpù yìí pín sí. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń la inú ohun tí à ń wò kọjá, bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti í la inú ewé kọjá. Ohun náà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, kí ó má ju nǹkan bí 100 nánómítà lọ. Ọ̀bẹ dígí tàbí ti òkúta dáyámọ́ńdì ni wọ́n fi ń gé e. Nínú ti èkejì, ojú ohun náà ni à ń wò. Ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ń rìn lọ lórí rẹ̀ láti ìlà dé ìlà, bí àgbẹ̀ ti í kọ ebè láti ìpẹ̀kun oko kan dé èkejì, títí yóò fi kárí. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó bá ta jáde láti ojú náà ni ẹ̀rọ ń kó jọ, tí ó sì fi ń ya àwòrán. Charles Oatley àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge ṣiṣẹ́ lórí oríṣi kejì yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ọdún 1965 sì ni ilé-iṣẹ́ kan ní Cambridge bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Nínú oríṣi méjèèjì, wọ́n gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ jáde, kí ó má bàa dí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́nà.

Ike kì í ṣe ohun tí ó rọrùn láti wò báyìí. Ìṣòro mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni pé iná mànàmáná kì í gba inú ike kọjá. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a kó jọ sórí rẹ̀, wọn a sì ba àwòrán jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń fi wúrà tí ó fẹ́lẹ́ tó nǹkan bí 10 nánómítà bo ojú rẹ̀. Èkejì ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa gé fọ́nrán ike, a sì máa so òmíràn pọ̀. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra yóò rí ìbàjẹ́ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe, yóò sì rò pé fífà ni ó ṣe é. Nítorí náà, ìwọ̀nba ìtànṣán ni wọ́n ń lò, wọ́n sì máa ń mú kí ike náà tutù kí wọ́n tó wò ó. Ẹ̀kẹta ni pé ike kan jọ èkejì lójú ẹ̀rọ, a kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ bí a kò bá rẹ wọ́n láró. Ní ọdún 1965, Koichi Kato, ọmọ ilẹ̀ Japan, lo osmium tetroxide, ohun olóró kan tí ó ń mú rọ́bà dúdú lójú ẹ̀rọ, tí kì í sì í mú ike tí ó yí i ká. Aláró mọ irú iṣẹ́ yìí. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí ẹ̀kọ kò bá bò nìkan ni aró ń mú, nípa bẹ́ẹ̀ ni ọnà ara aṣọ fi ń hàn.

Nísinsìnyí, ó yẹ kí a wo ohun tí máíkírósíkóòpù yìí fi hàn. Ike tí a ó kọ́kọ́ wò ni polystyrene, irú èyí tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rúlà àti ara bírò tí ó mọ́ gaara. Bí a bá fa polystyrene, kí ó tó ṣẹ́, àwọn ìlà tíntìntín a máa yọ lára rẹ̀, wọn a máa dán bíi fàdákà bí ìmọ́lẹ̀ bá bà wọ́n. Gbogbo wọn a máa dábùú ọ̀nà tí a ń fà á sí. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ènìyàn rò pé ìsán lásán ni àwọn ìlà náà, pé ike náà ti là níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Roger Kambour ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ike ṣì wà nínú ìlà náà pẹ̀lú òfìfo. Ní ọdún 1979, Lauterwasser àti Kramer ní Yunifásítì Cornell fi ike polystyrene tí ó fẹ́lẹ́ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n sì wọn ohun tí ó wà nínú ìlà náà.

Ohun tí a rí níbẹ̀ ni ògiri méjì tí ó kọjú sí ara wọn, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn tíntìntín tí ó so wọ́n pọ̀. Okùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdìpọ̀ ọ̀pọ̀ mólékù tí ó ti nà gbọnrangandan, ìbú rẹ̀ kò sì ju nánómítà díẹ̀ sí mélòó kan lọ. Nínú ìlà náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ ike, òfìfo sì ni èyí tí ó kù. Bí a bá ti ń fa ike náà sí i, okùn tuntun a máa jáde láti ara ògiri méjèèjì, bí ọbẹ̀ ilá ti í fà láàrin ṣíbí àti abọ́. Nítorí òfìfo tí ó pọ̀ níbẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ fi ń ta padà lára rẹ̀, tí ó sì ń dán lójú ẹni tí ó ń wò ó. Ìlà náà ṣì lè ru ẹrù, nítorí pé àwọn okùn wọ̀nyí dà bí afárá láàrin ilẹ̀ méjì. Ìkìlọ̀ ni ó jẹ́, kì í ṣe òpin.

Ṣùgbọ́n ẹrù àwọn okùn náà wúwo. Bí eruku kan bá wà láàrin wọn, tàbí bí fọ́nrán ibì kan kò bá gùn tó, okùn kan á já. Ẹrù tí ó ń rù á bọ́ sórí àwọn aládùúgbò rẹ̀, àwọn náà á sì já. Ihò kékeré á di ihò ńlá, ìlà á di ìsán, ìsán náà á sì sáré la ike já ní ìṣẹ́jú àáyá. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Kàù tí etí gbọ́ nígbà tí rúlà ṣẹ́ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Òpin rẹ̀ ni.

Ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀. Polyethylene ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀, ike tí Eric Fawcett àti Reginald Gibson ṣèèṣì rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1933. Ní ọdún 1957, Andrew Keller ní Yunifásítì Bristol fi máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù hàn pé mólékù rẹ̀ a máa ká ara rẹ̀ lọ, ká ara rẹ̀ bọ̀, bí aṣọ tí a ká sínú àpótí. Báyìí ni ó fi ń di pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó nǹkan bí 10 nánómítà. Bí a bá fa ọ̀rá, àwọn pẹlẹbẹ wọ̀nyí a kọ́kọ́ dà sí ẹ̀gbẹ́, wọn a sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni mólékù inú wọn ń tú, tí ó sì ń tò sí ọ̀nà tí a fà á sí. Ìdí nìyí tí ọ̀rá fi ń gùn kí ó tó já. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ọ̀rá tí a ti fà fi ń le ní òòró, ṣùgbọ́n tí ó ń ya wẹ́rẹ́ bí a bá là á láàrin fọ́nrán rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọparun ti rọrùn láti là ní òòró, tí kò sì rọrùn láti gé ní ìbú.

Lẹ́yìn tí ike bá ti ṣẹ́ pàápàá, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Bí ọdẹ ti í wo ojú ẹsẹ̀ ẹran nílẹ̀, tí ó sì í sọ ibi tí ẹran náà ti wá, bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ ń wo ojú ibi tí ike ti ṣẹ́. Bí ojú náà bá jọ̀lọ̀ bíi dígí ní apá kan, tí ó sì rí gbágungbàgun ní apá kejì, a mọ̀ pé láti apá tí ó jọ̀lọ̀ ni ìsán ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó di eré. Bí okùn tíntìntín bá pọ̀ níbẹ̀ bí irun, a mọ̀ pé ike náà fà kí ó tó já. Bí a bá rí àwọn ìlà tí ó tẹ̀ lé ara wọn bí ìgbì omi létí òkun, a mọ̀ pé ẹrù ń wá, ó ń lọ, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àti pé ìlà kọ̀ọ̀kan ni ibi tí ìsán náà dúró sí kí ó tó tún tẹ̀ síwájú. Nígbà mìíràn, ní ibi tí gbogbo ìlà ti pàdé, ohun tí a ó bá níbẹ̀ ni ihò afẹ́fẹ́ kan, tàbí eruku kan, tàbí ojú ibi tí ọ̀bẹ ti ha á.

Ní ọdún 1921, A. A. Griffith, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé fún aráyé ìdí tí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ fi lágbára. Ó wo dígí, ó sì fi hàn pé àwọn ìsán tíntìntín tí ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ó fọ́ nígbà tí agbára tí a fi fà á kò tíì pọ̀. Ẹni tí ó bá ń mu omi inú ọ̀rá mọ òtítọ́ yìí bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ Griffith. Bí ó bá ń fi ọwọ́ lásán fa ọ̀rá náà, yóò pẹ́ kí ó tó ya. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi eyín gé igun rẹ̀ díẹ̀, yóò ya kíákíá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ìmọ̀ yìí ti mú ìwòsàn wá fún polystyrene tí ń ṣẹ́ bíi dígí. Bí a bá po rọ́bà díẹ̀ mọ́ ọn, tí rọ́bà náà fọ́n ká inú rẹ̀ ní kóro kóro tí ó tó máíkírómítà kan sí márùn-ún, ike náà á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì ní í máa ṣẹ́ ní òjijì mọ́. Ẹni tí kò mọ̀dí lè rò pé rírọ̀ rọ́bà nìkan ni ó fà á. Ní ọdún 1965, Bucknall àti Smith ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà tíntìntín tí ó ń bẹ̀rẹ̀ lára àwọn kóro rọ́bà ni ó ń mú kí ike náà funfun bí a bá tẹ̀ ẹ́. Máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì fi hàn ketekete pé ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ lára kóro kan sábà máa ń dópin lára òmíràn. Kò sí èyí tí ó rí àyè di ńlá. Dípò kí ìlà kan ṣoṣo ru gbogbo ẹrù, kí ó sì ṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó pín in rù. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Irú ike yìí, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń pè ní ABS, ni a fi ń ṣe inú fíríìjì, ara tẹlifóònù, àti ọ̀pọ̀ ohun mìíràn tí ó lè já bọ́ láìfọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ara ènìyàn jùlọ ni oríkèé ìbàdí. John Charnley, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ilé-ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò èyí tí ó ti bàjẹ́ lára àwọn tí kò lè rìn mọ́. Orí irin kékeré kan ń yí nínú ihò ike. Ike tí ó kọ́kọ́ lò ń yọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n láàrin ọdún díẹ̀ ó jẹ, ó sì di dandan kí ó tún iṣẹ́ abẹ ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 1962, ó bẹ̀rẹ̀ sí lo polyethylene tí mólékù rẹ̀ gùn púpọ̀, èyí sì pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa.

Síbẹ̀, ìṣòro kò tán. Nígbà tí wọ́n fi máíkírósíkóòpù wo àwọn ike tí wọ́n yọ kúrò lára aláìsàn lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n rí i pé okùn tíntìntín ń yọ lójú wọn, ó ń já, ó sì ń di eruku tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tó máíkírómítà kan. Eruku yìí ni ara ń bá jà, ìjà náà ni ó sì ń mú kí egungun tí ó yí ike ká máa jẹ. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn lára ike náà ń gé mólékù rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá wà níbẹ̀, ike náà á máa gbó láti inú wá, yóò sì máa sán. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn tí ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí mú ọ́síjìn kúrò nínú àpò rẹ̀ kí wọ́n tó fi ìtànṣán sí i, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń so mólékù pọ̀ mọ́ra wọn kí ó má bàa tètè jẹ. Ohun tí kò tó máíkírómítà kan ni ó ń pinnu bóyá ìyá àgbà kan yóò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọjà.

Irú gbígbó bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe àga ike tí a fi sílẹ̀ nínú oòrùn. Ìtànṣán oòrùn a máa gé fọ́nrán tí ó wà lójú rẹ̀, a sì sọ awọ òde di ohun tí kò lè fà mọ́. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ojú rẹ̀ a rí bí ilẹ̀ àbàtà tí ó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìsán lórí ìsán. Láti inú ọ̀kan nínú wọn ni ẹsẹ̀ àga náà yóò ti ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá fi ìdí lé e. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń po èédú tí ó kúnná bí àtíkè mọ́ ike tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ táǹkì omi àti páìpù dúdú. Èédú náà ni ó ń gba ìyà oòrùn jẹ, kí fọ́nrán ike má bàa jẹ ẹ́.

Nítorí náà, bí ike ti ń ṣẹ́, bí ó ti ń fọ́, bí ó ti ń ya, bí ó ti ń já, àti bí ó ti ń sán, gbòǹgbò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ní: fọ́nrán tí ó nà, tí ó yọ̀, tàbí tí ó já níbi tí ojú kò tó. Ọlọ́gbọ́n kì í dúró de kàù. Bí ó bá rí i pé ike funfun ní ojú ibi tí ó ń tẹ̀, tàbí pé ìsán wẹ́wẹ́ ti gba ojú àga rẹ̀ kan, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì tètè wá nǹkan ṣe sí i kí ó tó gbé ẹrù tàbí ọmọ lé e.

Ìbéèrè

1. Dárúkọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí àwọn Yorùbá fi ń pe ìbàjẹ́ nǹkan nínú àyọkà yìí, kí o sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn kan nípa ohun tí kì í ṣe ike.
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìlà tíntìntín tí ó ń yọ lára polystyrene àti ìsán?
3. Ìṣòro mẹ́ta wo ni ó wà nínú fífi máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wo ike? Báwo ni wọ́n ṣe ń borí ọ̀kọ̀ọ̀kan?
4. Ṣàlàyé bí òwe "Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà" ti bá ọ̀rọ̀ ike tí a po rọ́bà mọ́ mu.
5. Kí ni àwọn dókítà kọ́ lára ike tí wọ́n yọ kúrò ní ìbàdí aláìsàn?
6. Wá ohun èlò ike kan tí ó ti ṣẹ́ nílé tàbí ní ilé-ìwé. Wo ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ dáadáa, kí o sì kọ àròkọ ojú ìwé kan lórí ibi tí o rò pé ìsán náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ìdí tí o fi rò bẹ́ẹ̀.